Ìwé Àgọ́ Ọlọ́pàá àti Àwòrán Ẹni Tí A Mú

Bí ọmọ kan bá jáde ní ilé bàbá rẹ̀ ní abúlé kan lẹ́bàá Òde-Ìrèlè tàbí Ilútitun, tí ilẹ̀ ṣú tí kò wọlé, tí ilẹ̀ sì tún mọ́ tí ẹnikẹ́ni kò gbúròó rẹ̀, ilé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ yóò kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn èyí wọn a lọ sí ilé ìwòsàn, wọn a lọ sí ibùdókọ̀ láti bi àwọn awakọ̀ àti àwọn ọlọ́kadà léèrè, wọn a sì tọ wòlíì tàbí babaláwo lọ. Àgọ́ ọlọ́pàá ni ó máa ń gbẹ̀yìn. Kì í ṣe pé wọn kò ronú kàn án. Ẹ̀rù ni ó ń bà wọ́n. Wọ́n ti gbọ́ pé ẹni tí ó bá lọ béèrè ọmọ lè di ẹni tí a tì mọ́lé dípò ọmọ, wọ́n sì ti gbọ́ pé ẹni tí kò mú owó lọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dé ìdí káńtà.

Nítorí ẹ̀rù yìí, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè kọjá kí ìdílé tó mọ̀ pé ọmọ àwọn wà láàyè, pé inú àtìmọ́lé tí kò jìnnà sí ilé ni ó wà. Ohun tí yóò sì jẹ́rìí sí i pé ó wà níbẹ̀ kò ju ìlà kan tàbí méjì lọ nínú ìwé ńlá kan. Ìwé yìí, àti àwòrán tí a ń yà pẹ̀lú rẹ̀, ni ẹ̀kọ́ wa òní dá lé lórí.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, ìwé kan wà ní orí káńtà tí ẹni tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ń kọ ohun gbogbo tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí, tọ̀sán tòru: ẹni tí ó wá fẹjọ́ sùn, ẹni tí a mú wọlé, ẹni tí a dá sílẹ̀, àti wákàtí tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣẹlẹ̀. Kò lẹ́wà láti wò. Etí rẹ̀ a máa gbó, yíǹkì a sì máa ta sí i. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ènìyàn bá ti wọ inú rẹ̀, ìjọba ti gbà pé olúwarẹ̀ wà lọ́wọ́ òun, bí ohunkóhun bá sì ṣe é, ẹnìkan ni yóò dáhùn fún un. Ẹni tí a mú tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ dà bí ẹni tí ilẹ̀ gbé mì.

Òfin kò fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún inú rere ọlọ́pàá. Ní ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin tuntun lórí bí a óò ti máa ṣe ẹjọ́ ọ̀ràn dídá. Òfin náà sọ pé bí a bá mú ènìyàn, kí a kọ ẹ̀sùn tí a fi kàn án sílẹ̀, kí a kọ ọjọ́ tí a mú un àti bí a ti ṣe mú un, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, iṣẹ́ rẹ̀ àti ibi tí ó ń gbé. Kí a wọn gíga rẹ̀, kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a sì gba ìtẹ̀ka rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 48 lọ. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, tí ó de gbogbo ọlọ́pàá ní ilẹ̀ Nàìjíríà, tún ọ̀rọ̀ náà sọ, Ìpínlẹ̀ Òndó pẹ̀lú sì ní òfin tirẹ̀ tí ó tọ ọ̀nà kan náà.

Èyí tí ó yẹ kí gbogbo abúlé mọ̀ jùlọ nínú àwọn òfin wọ̀nyí ni pé àwọn ọlọ́pàá fúnra wọn ni ó yẹ kí wọ́n ránṣẹ́ sí ìbátan ẹni tí wọ́n mú, láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò sì gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn: a kò gbọdọ̀ ti ìyá mọ́lé nítorí ọmọ, tàbí kí a ti ẹ̀gbọ́n mọ́lé nítorí àbúrò. Bákan náà ni gbèsè lásán tàbí àdéhùn tí ó bàjẹ́ kì í ṣe ohun tí a lè tìtorí rẹ̀ mú ènìyàn. Bí ìyá tí ó ń ṣẹ́ epo ní ìgbèríko Òkìtìpupa bá mọ èyí, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò yá sí àgọ́ ọlọ́pàá ju bí ó ti ń yá lọ.

Kí a tó máa bá ọ̀nà wa lọ, ó yẹ kí a mọ ibi tí àṣà yíya àwòrán ẹni tí a mú ti wá. Akọ̀wé ọlọ́pàá kan ní ìlú Paris, Alphonse Bertillon, ni ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1880 sí 1890. Ohun tí ó ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà náà ni pé arúfin kan lè dé iwájú adájọ́ nígbà márùn-ún pẹ̀lú orúkọ márùn-ún. Bertillon bẹ̀rẹ̀ sí í wọn orí, apá àti ẹsẹ̀ wọn, ó sì ń ya àwòrán méjì: ọ̀kan láti iwájú, ọ̀kan láti ẹ̀gbẹ́. Ìwọ̀n ara kò pẹ́ di ohun ìgbàgbé nítorí pé ìtẹ̀ka dájú jù ú lọ. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀ka sílẹ̀ ní ìlú Calcutta ní ilẹ̀ Índíà ní ọdún 1897, àti ní London ní ọdún 1901. Ṣùgbọ́n àwòrán méjì náà kò kúrò ńlẹ̀ títí di òní.

Ṣáájú Bertillon pàápàá, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti kan àwọn ènìyàn wa. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní ọdún 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn a máa gba ẹrú lójú òkun, wọn a sì kó wọn lọ sí Freetown ní ilẹ̀ Sàró. Níbẹ̀ ni àwọn akọ̀wé ti ń kọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ orí rẹ̀, gíga rẹ̀, àti ilà tàbí àpá tí ó wà ní ara rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó gba ibẹ̀ kọjá. Àjàyí tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní ọdún 1822. Ìwé ìdáǹdè ni ìwé yẹn, nítorí pé ẹni tí orúkọ àti ilà rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀ ní ẹ̀rí lọ́wọ́ pé kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́. Títí di òní ni àwọn onímọ̀ ń tú u wò láti mọ ibi tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti wá. Wàhálà tí ó ń bá wọn ni pé etí òyìnbó ni a fi gbọ́ orúkọ àwọn baba wa, ọwọ́ òyìnbó ni a sì fi kọ ọ́. Ó di dandan kí wọ́n máa pe orúkọ kan ní ọ̀nà mẹ́fà kí wọ́n tó mọ ohun tí í ṣe.

Wàhálà kan náà ni ó ń dúró de ẹni tí ó bá wá ọmọ rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá lónìí. Ọmọ tí gbogbo ilé ń pè ní Dúró, Durosinmi ni ó jẹ́ ní ilé-ìwé, láìsí àmì kankan lórí rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Samuel ni. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìdí ọ̀kadà sì ní orúkọ ìnagijẹ tí ìyá rẹ̀ kò gbọ́ rí. Èwo nínú wọn ni ó sọ fún ọlọ́pàá ní òru tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀? Èwo sì ni ọlọ́pàá tí kì í ṣe Ìkálẹ̀, tí ó lè má gbọ́ Yorùbá rárá, gbọ́ tí ó sì kọ? Ẹni tí ó bá fi orúkọ kan ṣoṣo béèrè, tí wọ́n wí fún un pé kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀ níbẹ̀, lè yí padà sílé nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá kejì. Nítorí náà, kí ẹni tí ó ń lọ kọ gbogbo orúkọ tí ọmọ ń jẹ́ sínú ìwé, kí ó fi ọjọ́ orí rẹ̀ kún un, àwọ̀ aṣọ tí ó wọ̀ jáde, àti àpá tí ó wà ní ara rẹ̀. Kí ó mú àwòrán ọmọ náà lọ́wọ́ pẹ̀lú. Àwòrán tí ó wà nílé ni yóò wá àwòrán tí ó wà lọ́dọ̀ ìjọba.

Àgọ́ wo ni kí ó lọ? Kì í ṣe èyí tí ó súnmọ́ ilé ni ó máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Ibi tí a ti fi ẹjọ́ sùn ni a sábà ń mú ènìyàn lọ. Bí ìjà ilẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní Ìkọ̀yà, ó lè jẹ́ Òkìtìpupa ni ẹjọ́ náà wà. Bí ọ̀ràn náà bá wúwo, bí ìjínigbé tàbí ìpànìyàn, wọ́n lè ti gbé ẹni náà lọ sí Àkúrẹ́, níbi tí olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Ìpínlẹ̀ Òndó wà. Bí wọ́n bá ti gbé e lọ, ìwé àgọ́ àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí ó sọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e, ibi tí wọ́n gbé e lọ, àti ọlọ́pàá tí ó gbé e. Ìbéèrè mẹ́ta yìí ni kí bàbá béèrè, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú èsì pé “kò sí níbí” nìkan.

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 ti dá àkókò fún ọlọ́pàá. Láàárín wákàtí 24, a gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí a fi mú ènìyàn fún un, ní èdè tí ó gbọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà ní ibi tí kò ju kìlómítà 40 lọ, a gbọ́dọ̀ gbé e dé iwájú adájọ́ láàárín ọjọ́ kan. Bí kò bá sí, ọjọ́ méjì, tàbí iye ọjọ́ tí adájọ́ bá rí i pé ó tọ́. Ìlú Ìkálẹ̀ tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí ilé ẹjọ́ Òkìtìpupa kò pọ̀. Ti àwọn ará Ìlàjẹ tí ọ̀nà wọn gba orí omi ni ó tún le díẹ̀. Bí ọjọ́ bá sì ti kọjá fún ẹ̀sùn tí kì í ṣe ti ikú, òfin ọdún 2015 gbà kí a lọ bá adájọ́ pé kí ó dá ẹni náà sílẹ̀ fún onídùúró; ẹnu lásán pàápàá ni a lè fi bẹ̀bẹ̀, kò di dandan kí ó jẹ́ ìwé. Ní òpin oṣù kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí ọ̀gá àgọ́ fi orúkọ gbogbo àwọn tí a mú láìsí ìwé àṣẹ ránṣẹ́ sí májísíréètì, ó sì yẹ kí májísíréètì máa wá wo àtìmọ́lé fúnra rẹ̀. Níbi tí a bá ti ń ṣe èyí tọkàntọkàn, ó ṣòro kí ènìyàn sọnù.

Láti ilé ẹjọ́ ni ìwé kejì ti bẹ̀rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù ní ìwé tí ó ń kọ nọ́ńbà ẹjọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí a pè lẹ́jọ́, ẹ̀sùn, àti ọjọ́ tí a sún ẹjọ́ sí. Nọ́ńbà yìí ni ó ṣe iyebíye jùlọ fún ìdílé, nítorí pé orúkọ lè yí padà láti ìwé dé ìwé, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í yí. Bí adájọ́ bá ní kí a lọ fi ẹni náà pamọ́, ìwé àṣẹ ni yóò bá a dé ọgbà ẹ̀wọ̀n, níbi tí ìwé kẹta wà. Ọgbà kan wà ní Òkìtìpupa. Láti ọdún 2019 ni òfin ti yí orúkọ ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n padà sí ilé iṣẹ́ àtúnṣe ìwà, ṣùgbọ́n ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ni gbogbo ayé ṣì ń pè é.

Ẹ má ṣe rò pé gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọgbà ni a ti dá lẹ́bi. Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, àwọn tí ẹjọ́ wọn kò tíì parí pọ̀ ju ìdajì gbogbo àwọn tí ó wà ní àhámọ́ lọ dáadáa, àwọn mìíràn sì ti lo ọ̀pọ̀ ọdún níbẹ̀. Nínú wọn ni a ti ń rí ẹni tí ìwé ẹjọ́ rẹ̀ sọnù, tí a gbé ọlọ́pàá tí ó mú un lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, tí olùpẹ̀jọ́ kò wá mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀bi, kò ní ìdáǹdè. Bí ìdílé rẹ̀ bá ní ọjọ́ tí a mú un àti nọ́ńbà ẹjọ́ rẹ̀ lọ́wọ́, agbẹjọ́rò lè mú un jáde. Fún ẹni tí kò lè san owó agbẹjọ́rò, Legal Aid Council wà, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1976 fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù October ọdún 2020, nígbà ìfẹ̀hónúhàn lórí ìwà àwọn ọlọ́pàá SARS, àwọn jàǹdùkú ya wọ ọgbà Òkìtìpupa, wọ́n sì tú àwọn tí ó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, ènìyàn 1,993 sá jáde nínú ọgbà méjì ní Benin àti agbègbè rẹ̀. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ìwé ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ìwé àti àwòrán ni ìjọba yóò fi mọ ẹni tí ó sá. Òun náà ni ẹni tí ó ti parí ọdún rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó dé yóò fi hàn pé òun kì í ṣe ìsáǹsá.

Ẹ jẹ́ kí a wá sọ̀rọ̀ lórí àwòrán. Ìwé orí káńtà kì í dójú ti ènìyàn, nítorí pé ẹni tí ó bá wá ọ ni yóò rí i. Àwòrán kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti jẹ́ àṣà ní ilẹ̀ wa pé kí ọlọ́pàá kó àwọn tí wọ́n fura sí jókòó sí ilẹ̀, kí wọ́n to ẹrù tí wọ́n bá lọ́wọ́ wọn síwájú wọn, kí wọ́n sì pe àwọn akọ̀ròyìn láti wá ya àwòrán wọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwòrán náà ti wà lórí tẹlifóònù gbogbo ará ìlú. Adájọ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́, ṣùgbọ́n ọjà ti dá a. Ìwé òfin sọ pé aláìlẹ́bi ni ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn títí a ó fi fi ẹ̀bi rẹ̀ hàn. Àwọn àgbà wa sì ti wí tipẹ́ pé àgbọ́ẹjọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Bí kóòtù bá wá dá a sílẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, akọ̀ròyìn mélòó ni yóò padà wá ya àwòrán ọjọ́ náà? Ìlú kékeré sì ni ìlú wa: ẹni tí a bá pè ní olè ní Ìgbótakò lẹ́ẹ̀kan, ọmọ rẹ̀ yóò gbọ́ ọ ní ilé-ìwé. Ikú yá ju ẹ̀sín.

Ìpínlẹ̀ Èkó rí èyí, ó sì fi òfin de irú ìfihàn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2021. Ti ọmọdé tún le jù bẹ́ẹ̀: òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti ọdún 2003 kò gbà kí a tẹ orúkọ tàbí àwòrán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 jáde nítorí ẹ̀sùn tí a fi kàn án.

Ọ̀nà tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbà yàtọ̀, ó sì yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò nítorí àwọn ọmọ wa tí ó wà níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ọ̀gá ọlọ́pàá agbègbè ń fi orúkọ ẹni tí ó wà ní àtìmọ́lé sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ibòmíràn a sì fi àwòrán rẹ̀ kún un. Ìyá tí ó jókòó ní Òkìtìpupa lè fi tẹlifóònù wá orúkọ ọmọ rẹ̀ ní Houston, kí ó rí i ní ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà tí kò lè rí ti èyí tí a mú ní ìsọdá títì. Èyí dára. Ṣùgbọ́n àwọn oníwọ̀ra kan kó àwòrán wọ̀nyí jọ sí ojú ewé tiwọn, wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n yọ tirẹ̀ kúrò, ìbáà jẹ́ aláìlẹ́bi. Ìpínlẹ̀ púpọ̀ ti fi òfin dè é. California sọ ní ọdún 2021 pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ máa gbé àwòrán ẹni tí a mú fún ẹ̀sùn tí kò ní ìwà ipá nínú sí Facebook àti irú rẹ̀, àfi fún ìdí pàtàkì. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn ìdálẹ́bi ni ọlọ́pàá sábà máa ń fi àwòrán síta. Lójú tèmi, ti Gẹ̀ẹ́sì ni ó sunwọ̀n jù. Ẹni tí ó sá ní ọgbà nìkan ni mo lè yọ sílẹ̀, bí ó ti rí lẹ́yìn ìkọlù ọgbà Kuje ní oṣù July ọdún 2022, nígbà tí ìjọba tẹ àwòrán àwọn tí a fẹ̀sùn ìpániláyà kàn tí wọ́n sá lọ jáde kí ará ìlú lè dá wọn mọ̀.

Ẹlòmíràn lè fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tí ó fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, tàbí ẹni tí ó fẹ́ gba yàrá ní ilé rẹ̀, ti bọ́ sọ́wọ́ ọlọ́pàá rí. Ìwé orí káńtà kì í ṣe tirẹ̀ láti tú wò. Mímú kì í ṣe ìdálẹ́bi. Ìdájọ́ ni kí ó wá, nítorí pé ní gbangba ni òfin ní kí a ti máa gbọ́ ẹjọ́, kí a sì ti máa dá a. Bí ó bá jẹ́ ẹni náà fúnra rẹ̀ ni ó fẹ́ fi hàn pé ọwọ́ òun mọ́, ọlọ́pàá ní ìwé ẹ̀rí ìwà tí wọ́n ń fún ẹni tí ó bá béèrè rẹ̀.

Òfin ọdún 2011 tí ó fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì. Ó dá ọ̀rọ̀ ara ẹni àti ohun tí ó lè ba ìwádìí ọlọ́pàá jẹ́ sí, ṣùgbọ́n ó fi ohun kan sí i tí inú mi dùn sí púpọ̀: ẹni tí kò mọ̀wé lè rán ẹlòmíràn láti béèrè fún òun, bí ó bá sì fẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ ìjọba ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, tí yóò sì fún un ní ẹ̀dà rẹ̀. Ní ilé tí bàbá àti ìyá kò ti lọ sí ilé-ìwé, akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹlòmíràn yẹn.

Iṣẹ́ ṣíṣe: Ìyá kan ní abúlé yín kò rí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ẹni ọdún 20, láti ọjọ́ méjì. Ó wá bá ọ pé kí o bá òun kọ ìwé sí ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá. Kọ ìwé náà ní ojú ewé kan. Kọ gbogbo orúkọ ọmọ náà pẹ̀lú àmì ohùn, kí o sì tún kọ ọ́ bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ṣe lè kọ ọ́. Béèrè bóyá ó wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ̀sùn wo ni, ọjọ́ wo ni a mú un, kóòtù wo ni a ó sì gbé e lọ. Bí wọ́n bá ti gbé e kúrò, ibo ni, ta ni ó sì gbé e. Má ṣe bẹ̀bẹ̀ nínú ìwé náà, má sì ṣe halẹ̀. Kọ ọjọ́ sí orí rẹ̀, kí o ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ìyá náà sì mú ẹ̀dà kejì padà sílé pẹ̀lú òǹtẹ̀ tàbí ọwọ́ ẹni tí ó gbà á.